Aràn Inú Ẹṣin, Oògùn Rẹ̀, àti Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Nínú Gúrúùpù Wa

Ohùn kìíní

   Admin yín ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, ẹ fọkàn balẹ̀, akọ̀wé wa yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ẹ ó lè kà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la.

Mo ṣèlérí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìtàn ojú irin tó gbé àwọn bàbá wa dé Bukuru ni mo máa sọ lálẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ìtàn aràn tó ń gbé inú ẹṣin ni mo fẹ́ sọ, àti ìtàn oògùn tí wọ́n fi ń pa á. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, kí ló kan ẹni tó ń ta aṣọ ní Terminus pẹ̀lú aràn inú ẹṣin? Ó kàn wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ rántí ohùn kan tí mo fọ́wọ́ọ̀dù síbí ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní oògùn aràn tí wọ́n ń fún ẹṣin, èyí tó wà nínú ike bí abẹ́rẹ́ ńlá, pé ó ń wo aràn, ó ń wo ara yíyún, ó ń wo ibà, ó tún ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ní oògùn ọmọ èèyàn kò lágbára mọ́, pé ti ẹṣin ni kí á máa rà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé mi ò gbọ́ ohùn yẹn dé ìparí. Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún ló fi ránṣẹ́ sí mi, oníbàárà dúró níwájú mi, mo kàn tẹ̀ ẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa níbí gbọ́ ọ. Mi ò ní dárúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíì má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ ra ike kan. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́rin, ikùn rẹ̀ ń run ún. Ó fún oògùn náà sórí ṣíbí, ó pò ó mọ́ ògì fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ ti ń bì. Nígbà tó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ọtí. Lẹ́yìn náà ló sùn lọ, wọ́n ń pè é, kò dáhùn dáadáa. Òru yẹn ni wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ó lo òru méjì níbẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ ti padà sílé, ó ń jẹ àkàrà, ó ń da ilé rú bó ṣe yẹ kí ọmọ ṣe. Ṣùgbọ́n èmi admin, mi ò sùn.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi yí orí ọmọ náà. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó, mo ka ìwé, mo lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa ẹran, mo béèrè ibi tí oògùn yìí ti wá. Ìtàn tí mo bá níbẹ̀ ga ju bí mo ṣe rò lọ. Oògùn yẹn kì í ṣe ọ̀tá. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí àwa Yorùbá. Ọ̀yọ́ Ilé, ní apá òkè lọ́hùn-ún níbi tí igbó ti tán tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, orí ẹṣin ló ti kó agbára jọ. Ní 1726, ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dahomey. Wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn náà, títí àwọn Dahomey fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Nínú ààfin, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Olókùn Ẹṣin. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ẹni tó di okùn ẹṣin mú. Bí ọba bá wàjà, òun náà ní láti bá a lọ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣe wúwo tó lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bi mí pé níbo ni Ọ̀yọ́ ti ń rí ẹṣin. Wọ́n ń rà á ni. Láti ọ̀dọ̀ Nupe, láti ilẹ̀ Hausa, láti Borno lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú lọ sí etí òkun, wọ́n ń gba ọjà àwọn òyìnbó, wọ́n ń fi ọjà yẹn ra ẹṣin lókè. Òwò tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú ni, a kò gbọ́dọ̀ fi bò. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń rà, nítorí pé ẹṣin kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ló ń pa á? Èkíní ni eṣinṣin tí àwọn Hausa ń pè ní kudan tsando. Ó máa ń bu ẹran jẹ, ó máa ń fi àrùn tí wọ́n ń pè ní sammore sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin á máa rù, ojú rẹ̀ á funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á sì kú. Bí igbó bá ṣe ń ki sí i ni eṣinṣin yẹn ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ogun ẹlẹ́ṣin kò fi lè jọba nínú igbó Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tí ẹṣin fi di ohun iyì ọba àti ìjòyè níbẹ̀.

Èkejì ni aràn. Ẹṣin tí aràn ń jẹ, òun náà á rù, irun rẹ̀ á le gan-an, ojú rẹ̀ á funfun. Ẹ rí i pé méjèèjì jọra. Ẹni tí kò ní awò tí wọ́n fi ń wo ohun kékeré, kò lè fi ojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìmọ̀ àtọ́jú ẹṣin sì di ohun tí ènìyàn kan mọ̀ ju ènìyàn kan lọ. Ní Ọ̀yọ́, ẹrú tó jẹ́ Hausa ni wọ́n máa ń fi ìtọ́jú ẹṣin lé lọ́wọ́, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ilé wọn. Nígbà tí Àfọ̀njá dìtẹ̀ ní Ìlọrin, ní nǹkan bí 1817, ó ní kí ẹrú Hausa tó bá wá sọ́dọ̀ òun di òmìnira. Wọ́n sá lọ bá a. Èmi rò ó báyìí pé, lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀yọ́ kò pàdánù ọmọ ogun nìkan, ó pàdánù àwọn tó mọ̀ bí ẹṣin ṣe ń yè. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi dahoro.

Ẹ wá wo ibi tí a wà yìí. Òkè Jos ga tó bí 1,200 mítà sókè òkun. Òtútù rẹ̀ kì í jẹ́ kí kudan tsando gbilẹ̀. Nítorí náà, kí òyìnbó tó dé, kí àwa tó dé, àwọn onílẹ̀ níbí, àwọn Berom, àwọn Ngas àti àwọn yòókù, ti ní ẹṣin kékeré tiwọn. Wọ́n ń gùn ún láìlo gàárì, wọ́n fi ń dọdẹ, wọ́n fi ń jagun. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ni òtútù ń lé, kò lé aràn. Òjò tí a ń rí láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, koríko tútù yẹn, ilé aràn ni.

Ohùn kẹta

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú ara mi rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, bàbá Hausa kan wà ládùúgbò wa, Mai Doki la ń pè é. Ẹṣin mẹ́ta ló ní, ó ń fi wọ́n ṣeré níbi ìgbéyàwó àti níbi ọdún Sallah. Bàbá mi ń ta dusa, èmi ni mo sì máa ń gbé e lọ bá a ní barga rẹ̀. Bí mo bá dé, á gbé mi gun ẹṣin díẹ̀, á fún mi ní gúgúrú.

Abo ẹṣin rẹ̀ kan bímọ. Ọmọ ẹṣin yẹn dùn ún wò! Ṣùgbọ́n nígbà tó di bí oṣù méje, ikùn rẹ̀ rí roboto bí ìlù, egungun ìhà rẹ̀ yọ, irun rẹ̀ rí bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó ń wúkọ́. Mai Doki lọ ra oògùn aràn. Oògùn tó tó ẹran kan péré ni owó rẹ̀ ká. Ó pín in sí mẹ́ta, ó fún ọmọ ẹṣin, ó fún ìyá rẹ̀, ó fún akọ. Ó rò pé ó ti ṣọ́wó ná. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọmọ ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń wo ikùn ara rẹ̀, ó ń ta ikùn ní ìpá. Kí wọ́n tó kírun àárọ̀, ó ti kú.

Dókítà ẹran kan tó kọ́ṣẹ́ ní Vom wá. Ó là á. Ẹ̀yin ará mi, ìfun ọmọ ẹṣin yẹn kún fọ́fọ́ fún aràn. Funfun, ó nípọn bíi pẹ́ńsù, òmíràn gùn láti orí ìka mi dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n dí ọ̀nà pa. Mai Doki ń sọ pé tsutsa, tsutsa, ó ń sunkún. Ó ní oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Dókítà ní rárá, Bàbá, oògùn kò burú, ẹ gé e kù ni. Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn di òní.

Aràn yẹn, Parascaris lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ ẹṣin ló ń bá jà jù. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn ju 100,000 lọ. Ẹyin yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri, mọ́ ilẹ̀, mọ́ ọmú ìyá, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Bí ọmọ ẹṣin bá gbé e mì, ó máa ń pa nínú ikùn, á gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, á dé ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti ń wá. Ẹṣin á wú u, á tún gbé e mì padà, ìgbà yẹn ló tó wá dàgbà nínú ìfun. Bí ẹṣin bá ti ju ọdún kan lọ dáadáa, ara rẹ̀ á ti mọ bó ṣe ń bá a jà.

Ìkejì, tó burú jù fún àgbà ẹṣin láyé àtijọ́, ni èyí tí wọ́n ń pè ní Strongylus vulgaris. Kò gùn, kò ju bí èékánná lọ. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ jáde, á pa sórí ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ á gun koríko tútù, á dúró de ẹṣin. Bí ẹṣin bá jẹ ẹ́, ó máa ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìfun, á mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbẹ̀. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹṣin á yí nílẹ̀ títí á fi kú. Ìkẹta ni àwọn kéékèèké tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Wọ́n máa ń sápamọ́ sínú ara ìfun, wọ́n lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, kí ọ̀pọ̀ wọn tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi àwọn yẹn sọ́kàn, a ó padà bá wọn.

Vom tí mo dárúkọ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni. 1924 ni ìjọba òyìnbó gbé ilé ìwádìí àrùn ẹran síbẹ̀, nítorí àjàkálẹ̀ kan tó ń pa màlúù run káàkiri Àríwá, rinderpest. Ní 1975 ló di National Veterinary Research Institute. Rinderpest yẹn, ní 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán pátápátá láyé. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Vom wà lára ohun tó lé e kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ má fojú kékeré wo ìlú yìí.

Ohùn kẹrin

Ó yá, ìtàn oògùn. Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, ohun tí wọ́n ń fún ẹṣin fún aràn yani lẹ́nu: tábà, tapẹntáìnì, àní arsenic tó jẹ́ májèlé. Ẹṣin mìíràn, oògùn ló pa á, kì í ṣe aràn. Ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn olómi kan, carbon disulphide, wọ́n ń fi rọ́bà gba imú ẹṣin wọ inú ikùn rẹ̀. Ó ń pa aràn ńlá yẹn, ṣùgbọ́n ìnira ni. Ní nǹkan bí 1940, phenothiazine dé. Ní àwọn ọdún 1950, piperazine dé, èyí tí àwọn ìyá wa náà mọ̀, torí wọ́n fún àwa ọmọ mu. Ní 1961, ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà gbé thiabendazole jáde, òun ni ẹ̀gbọ́n albendazole tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé. Albendazole yẹn gan-an, ẹran ló kọ́kọ́ lò ó kí èèyàn tó lò ó. Ketrax tí ẹ mu ní kékeré ńkọ́? Oògùn tó wà nínú rẹ̀, levamisole, wọ́n ń fún àgùntàn náà.

Ní 1966, àwọn olùwádìí aràn méjì ní Kentucky, Drudge àti Lyons, gbà àwọn ẹlẹ́ṣin nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fún gbogbo ẹṣin wọn ní oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ó ṣiṣẹ́! Strongylus vulgaris tó ń pa ẹṣin dín kù gan-an. Gbogbo ayé gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ẹ rántí wọn? Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà tó rọ̀ jẹ, tí ẹ sì ń gbin èyí tó le, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀wà tó le nìkan ló máa kù lóko yín. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn ń ṣa aràn. Èyí tí oògùn kò pa ló ń bímọ. Ní nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti rí i pé phenothiazine kò ran àwọn kan mọ́. Láàárín ọdún mélòó kan tí thiabendazole dé, àwọn kan ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Oògùn tí kò pé ìwọ̀n ló sì ń yára kọ́ wọn jù, torí pé ó ń fi aràn tó lágbára díẹ̀ sílẹ̀ láàyè. Mai Doki kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni òun ń ṣí fún aràn.

Báyìí ni ayé ṣe ń wá oògùn tuntun. Ọkùnrin ará Japan kan, Satoshi Omura, ní ilé ìwádìí Kitasato, máa ń bu erùpẹ̀ káàkiri, ó ń wá ohun kékeré abẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú erùpẹ̀ yẹn wá láti Kawana, ní ìlú Ito, lẹ́bàá pápá gọ́ọ̀fù. Ó fi ohun tó rí nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí Merck ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ William Campbell, ọmọ Ireland. Wọ́n fi wò ó lára eku tí aràn wà nínú rẹ̀. Aràn kú. Láti inú erùpẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ivermectin ti jáde. Ní 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹran, màlúù, àgùntàn, ẹṣin. Díẹ̀ kíún rẹ̀ ń pa èyí tí oògùn àtijọ́ ń lo ọ̀pọ̀ láti pa. Ohun tó wà nínú ike tí ìyá wa rà nìyẹn.

Ohùn karùn-ún

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni ọkàn ìtàn yìí. Ẹṣin ní aràn mìíràn tí kì í gbé inú ìfun, ó ń gbé inú iṣan ọrùn rẹ̀, Onchocerca cervicalis. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó kéré gan-an máa ń rìn kiri nínú awọ ẹṣin. Nígbà tí Campbell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ivermectin wo aràn ìfun ẹṣin, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ aràn inú awọ yẹn náà ti kú. Campbell rò ó wò. Ó mọ̀ pé èèyàn náà ní èyí tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, Onchocerca volvulus. Òun ló ń fa àrùn tó ń fọ́ àwọn èèyàn lójú létí odò ní Áfíríkà.

Ẹ̀yin tó wá láti ìgbèríko mọ̀ ọ́n. Kòkòrò dúdú kékeré kan tó ń pọ̀ níbi tí odò ti ń ṣàn kíkankíkan ló ń bu èèyàn jẹ, tó ń kó o ranni. Ara á máa yún títí awọ á fi dà bí awọ ọ̀nì, kókó á yọ lábẹ́ awọ, nígbà tó bá pẹ́, ojú á fọ́. Àwọn abúlé kan wà tí ọmọdé ń fi ọ̀pá fa àgbà, títí wọ́n fi kúrò lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà lẹ́bàá odò. Ní 1974, àjọ ìlera àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi hẹlikópútà fọ́n oògùn kòkòrò sórí odò ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè yẹn.

Ní 1981, dókítà Mohammed Aziz ti Merck bẹ̀rẹ̀ sí í dán ivermectin wò fún èèyàn ní Dakar, ní Senegal. Ìwọ̀n kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ wọn lójú. Ó ṣiṣẹ́. Ní 1987, Roy Vagelos tó jẹ́ ọ̀gá Merck kéde pé ọ̀fẹ́ ni wọn yóò máa fún ẹni tó bá nílò rẹ̀ nítorí àrùn yìí, títí tí yóò fi tán. Mectizan ni wọ́n sọ ọ́.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní Plateau, nígbà tí Nasarawa ṣì wà lára wa. Àjọ Carter Center, ti Jimmy Carter tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọ́fíìsì níbí ní Jos, wọ́n bá ìjọba ṣe é. Oògùn yẹn kì í pa ìyá aràn, àwọn ọmọ ló ń pa, ìyá aràn sì lè lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàyè. Nítorí náà, ọdọọdún ni wọ́n ń pín in, ọdún lé ọdún, láàárín gbogbo wàhálà tí ìlú yìí rí, láàárín 2001, láàárín 2008, láàárín 2010. Àwọn tó ń pín in ń rìn. Ní 2018, wọ́n dá pínpín rẹ̀ dúró ní Plateau àti Nasarawa, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà kò ràn mọ́ níbí. Ní 2015, Campbell àti Omura gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ rí i báyìí? Oògùn aràn ẹṣin ló la ojú àwọn ará Plateau. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohùn tí mo fọ́wọ́ọ̀dù yẹn. Òótọ́ díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kó lewu.

Ohùn kẹfà

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Àwọn tó ń pín Mectizan nígbà yẹn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Wóró kan jẹ́ mílígíráàmù 3. Ọmọ tí kò ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà, wọn kì í fún un rárá. Láti 90 dé 119, wóró kan. Láti 120 dé 140, méjì. Láti 141 dé 158, mẹ́ta. Ẹni tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́rin péré. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ní àwọn ibì kan nínú igbó, bíi Cameroon, níbi tí aràn ojú tí wọ́n ń pè ní Loa loa ti pọ̀, àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí oògùn náà lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọpọlọ.

Ẹ wá gbé ike ti ẹṣin. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ gíráàmù 6.08, ivermectin inú rẹ̀ jẹ́ 1.87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sọ ọ́ di mílígíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 114. Ẹ fi 3 pín in. Ike kan tó wóró méjìdínlógójì. Ẹṣin tó wúwo tó 560 kílò ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ ọdún mẹ́rin wa kò ju kílò 15 lọ. Wóró kan péré ni ìwọ̀n rẹ̀ bí dókítà bá tilẹ̀ ní kó lò ó. Ìdá mẹ́rin ike yẹn, èyí tó fi kún ṣíbí díẹ̀, ti ju wóró mẹ́sàn-án lọ. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn? Ẹ̀yin tó ń ta wúrà, ṣé ẹ máa ń fi ojú wọn ọ́n?

Lọ́dún 2021, nígbà kòrónà, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan náà, àjọ tó ń rí sí oògùn lọ́hùn-ún ní láti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yé mu oògùn ẹṣin. Nítorí náà, ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Àwọn tó kàwé jù wá lọ ṣe é.

Ní ti ẹlẹ́ṣin tó wà láàárín wa, mo mọ̀ pé ẹni méjì wà, ayé ti yí padà. Fífún gbogbo ẹṣin ní oògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ kò dára mọ́. Láti 2002 ni wọ́n ti rí Parascaris tí ivermectin kò pa mọ́, ní Netherlands. Ohun tí àwọn dókítà ẹran ń sọ báyìí ni pé kí ẹ gbé ìgbẹ́ ẹṣin lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n ka ẹyin aràn tó wà níbẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ fún ní oògùn, kó sì pé ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ ẹṣin ní ètò tirẹ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò ní barga àti ní ibi tó ti ń jẹko. Ẹṣin tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ ná. Vom kò jìnnà. Ẹ má pín oògùn ẹyọ kan sí mẹ́ta.

Ní ti ọmọ tí ikùn ń run, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn aràn ọmọdé kò wọ́n, wóró kan ni ó máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé.

Òfin tuntun ti wà nínú gúrúùpù yìí láti òní. Ohunkóhun tó bá kan oògùn, kò gbọ́dọ̀ wọ ibí kí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa méjèèjì tó gbọ́ ọ dé ìparí. Òfin yẹn mú admin náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rú u kó tó di òfin. Mo bẹ ìyá ọmọ náà níkọ̀kọ̀, mo tún ń bẹ ẹ́ níwájú gbogbo yín. Owó ọsibítù, èmi ni mo san án, kì í ṣe kí ẹ yìn mí ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹ bá mi wá gbogbo ibi tí ohùn yẹn ti dé. Ẹni tó bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, kó fi èyí tẹ̀ lé e.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ ti ojú irin. Ọjà á tà o. Ẹ sùn re.